Kànga, borehole, omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ ìjọba: èwo ló yẹ ẹni tó ń gbé létí òkun?

Àwọn àgbà sọ pé a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́, ṣùgbọ́n odò tí omi rẹ̀ ṣeé mu ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń gbé láàárín òkun àti ọ̀sà, láti Badagry dé Lekki, tàbí ní Kútọnu, tàbí ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ń rí omi níwájú, ó ń rí i lẹ́yìn, síbẹ̀ ó ń ra èyí tí yóò fi se ọbẹ̀. Bí owó díẹ̀ bá ti wọlé fún irú onílé bẹ́ẹ̀, borehole ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Mo fẹ́ gbé ọ̀nà mẹ́rin tó wọ́pọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhìn-ín, ìyẹn kànga, borehole, omi òjò àti omi ẹ̀rọ ìjọba, kí n sì fi omi tí à ń rà àti omi òkun tí a yọ iyọ̀ rẹ̀ kún un, kí ẹni tó fẹ́ yàn lè mọ ohun tó ń yàn. N kò ní fi èrò tèmi pamọ́: borehole àdáni ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí ará etíkun yóò náwó lé, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló sì fà á.

Ibi tí iyọ̀ wà

Òjò tó ń rọ̀ sórí yanrìn etíkun a máa rì wọlẹ̀, a sì máa dúró sórí omi oníyọ̀ tó ti gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé láti inú òkun, bí epo ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀, nítorí pé omi oníyọ̀ wúwo jù ú lọ. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ń lò ni pé bí omi dídùn bá fi mítà kan ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí mítà 40 omi dídùn ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun kí a tó kan iyọ̀. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà kí ẹ rí ewu rẹ̀: bí omi tí gbogbo àdúgbò ń fà bá mú kí omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ní mítà kan péré, bó pẹ́ bó yá, iyọ̀ yóò fi nǹkan bí mítà 40 gòkè wá. Ìdí nìyí tí borehole tí omi rẹ̀ dùn lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ẹ fi lè di oníyọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, tí gbígbẹ́ ẹ jìn sí i sì fi lè dá kún ìṣòro náà.

Ọ̀rọ̀ jíjìn yìí tún ní ojú kejì. Ìpele yanrìn àti ìpele amọ̀ ló tò léra wọn lábẹ́ ilẹ̀ Èkó, ní àwọn ibì kan lẹ́bàá òkun, omi oníyọ̀ ló wà lókè, tí omi tó dára sì wà nísàlẹ̀ lábẹ́ amọ̀. Kí a tó lè fa omi ìsàlẹ̀ yẹn, páìpù gbọ́dọ̀ la inú iyọ̀ kọjá, a sì gbọ́dọ̀ fi símẹ́ńtì dí àyè tó yí páìpù náà ká pátápátá. Agbẹ́borehole tó bá fo símẹ́ńtì yẹn kí owó má bàa pọ̀ ti la ọ̀nà fún iyọ̀ láti tẹ̀ lé páìpù sọ̀kalẹ̀ lọ ba omi ìsàlẹ̀ jẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò sì jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ẹ wo Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kànga jíjìn tó wà ní Godomey ni wọ́n gbójú lé fún omi ẹ̀rọ ìlú náà àti àyíká rẹ̀, adágún Nokoué sì wà nítòsí wọn. Láti ọdún 1885 tí àwọn Faransé ti la ojú omi tó so adágún náà pọ̀ mọ́ òkun ni iyọ̀ ti ń rọ́nà wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí èrò ṣe ń pọ̀ tí omi tí wọ́n ń fà sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn kànga tó sún mọ́ adágún náà jù lọ. Bí ilé iṣẹ́ omi tó ní onímọ̀ àti ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ń bá èyí wọ̀jà, kí ni onílé tó gbẹ́ tirẹ̀ láìwọn ohunkóhun yóò ṣe sí i? Ní Jakarta, olú-ìlú Indonesia, fífa omi abẹ́ ilẹ̀ láìdábọ̀ tilẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ilẹ̀ máa rì, débi pé apá kan àríwá ìlú náà ti lọ sísàlẹ̀ ojú òkun.

Kànga àti borehole níwájú sókàwéè

Bó bá jẹ́ ti iyọ̀ nìkan ni, kànga tí a fọwọ́ gbẹ́, tí a to ríǹgì símẹ́ńtì sí, kò burú, nítorí pé, níbi tí iyọ̀ kò bá ti wà lókè, orí omi dídùn ló ti ń bù. Ibi tó ti ń kùnà ni ti ìgbẹ́. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kànga gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí mítà 30 jìnnà sí sókàwéè. Plọ́ọ̀tì Èkó tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, ìyẹn nǹkan bí mítà 18 lọ́nà 36. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nínú ọgbà yín: bí ẹ bá tilẹ̀ gbé kànga sí igun kan tí sókàwéè yín sì wà ní igun kejì, ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri lè má ju mítà márùn-ún lọ. Ní àdúgbò tí ilé ti to ara wọn bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí kànga kankan yege. Ní etíkun, nígbà òjò, omi ilẹ̀ tún máa ń sún mọ́ òkè débi pé inú omi gan-an ni sókàwéè ń gbé, kò sì sí ilẹ̀ gbígbẹ tí yóò sẹ́ ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ kànga.

Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò fàyè gba kòkòrò inú ìgbẹ́ kankan nínú mìlílítà 100 omi, bẹ́ẹ̀ ni omi tó mọ́ gaara lójú lè kún fún un. Nítorí náà, kànga wà fún aṣọ fífọ̀, ilé fífọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi dáná, ẹ fi kiloríìnì sí i ní ìwọ̀n tí ara ike rẹ̀ wí, kí ẹ sì sè é dáadáa.

Níhìn-ín ni borehole ti ń borí kànga, nítorí pé yanrìn tó nípọn àti amọ̀ ti sẹ́ ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí kó tó dé ìsàlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti dí ẹnu rẹ̀ lókè. Èyí tí wọ́n ri páìpù rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí wọn kò dí ẹnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kànga, àfi pé owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Irin ṣeé yanjú, iyọ̀ le

Omi borehole púpọ̀ ní Èkó ní irin nínú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣì í mú fún ohun tó burú jù. Ẹ fa omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun láàárọ̀, yóò mọ́ kedere. Ẹ má dé e. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣú bíi ti tíì, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán yóò ti bo ojú rẹ̀, èérún pupa yóò sì ti rọ̀ sísàlẹ̀. Irin tó wà nínú omi ló rí afẹ́fẹ́ tó sì dípẹtà. Òun ló ń sọ yúnífọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ di aláwọ̀ ilẹ̀, òun náà ló ń pa inú páìpù dé. Ìwọ̀n tí ìlànà Nàìjíríà fàyè gbà ni mìlígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n: kí omi máa já láti òkè wọ táǹkì àkọ́kọ́ bí ẹni pé ó ń rọ̀jò, kí ó simi díẹ̀, kí ó wá gba inú yanrìn kọjá sí táǹkì kejì.

Iyọ̀ kò gba irú ìwòsàn yẹn. Álọ́ọ̀mù kò lè mú un kúrò, kiloríìnì kò lè mú un kúrò, sísè sì ń mú kí ó pọ̀ sí i ni, nítorí pé omi ló ń gbẹ tí iyọ̀ ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Ìlànà wa fi ààlà sí mìlígíráàmù 250 kiloráìdì nínú lítà kan, ó sì súnmọ́ ibi tí ahọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ adùn iyọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan ni. Ní Dacope, létí òkun Bangladesh, níbi tí àwọn aráàlú ti ń mu omi tí iyọ̀ ti wọ̀, àwọn olùwádìí rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn aláboyún pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni iyọ̀ máa ń le jù nínú omi wọn. Ilé tí aláboyún tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá wà kò gbọdọ̀ fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ ń hàn lẹ́nu ṣe omi mímu, kódà kí ara ti mọ́ ọn.

Èyí ló jẹ́ kí ọjọ́ tí a ń tọ́ omi wò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá tọ́ omi borehole wò ní oṣù Keje, omi òjò ló tọ́ wò. Òpin oṣù Kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni òótọ́ máa ń jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí gba ilé ní etíkun, ẹ bi àwọn aládùúgbò bí omi wọn ṣe rí nígbà náà, kí ẹ sì wo bóyá ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀.

Omi òjò: ìṣirò tó yẹ kí onílé ṣe

Ọ̀nà yìí ni mo rò pé a fojú tẹ́ jù lọ. Àwọn ará Ìlàjẹ tí omi oníyọ̀ yí ká ti ń gbé agbada sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwa tó wà ní ìgboro ló ń wò ó bí ìwà aláìní. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan omi. Èkó ń rí nǹkan bí mìlímítà 1,500 lọ́dún, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé bọ́ńgálò tó bo mítà 10 lọ́nà 10 yóò gba lítà 150,000, bí a bá sì yọ ìdá márùn-ún kan fún èyí tó ṣòfò, ó ku 120,000. Ẹni mẹ́fà tó ń lo lítà 50 lójúmọ́, ìwọ̀n tí ìlú Cape Town fi dé àwọn aráàlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 nígbà tí omi tí wọ́n tọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, yóò lo 109,500 láàárín ọdún kan. Lórí ìwé, òjò tó wọn.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé òjò kì í pín ara rẹ̀ déédéé. Láti àárín oṣù Kọkànlá dé àárín oṣù Kẹta, nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́, ohun tó ń rọ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí onílé tó lè tọ́jú omi ìwẹ̀ àti omi aṣọ fún irú àkókò gígùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ omi mímu àti omi ọbẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lítà 10 lójúmọ́. Ẹni mẹ́fà yóò lo lítà 60, ní ọgọ́fà ọjọ́ ó di 7,200. Táǹkì oníke kan tó gba 5,000 àti èyí tó gba 2,500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kájú rẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Omi náà kò ní iyọ̀, kò ní irin, kò sì gba omi lọ́wọ́ aládùúgbò kankan.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ẹ̀gbin orí òrùlé, eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé kí ẹ tó gbà á: nínú òjò kọ̀ọ̀kan, kí lítà 100 àkọ́kọ́ láti orí irú òrùlé tí a wí yìí ṣàn dànù, ẹ̀ẹ̀rùn tó bá pẹ́ sì ń fẹ́ kí ẹ da jù bẹ́ẹ̀ lọ nù. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu táǹkì kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin sí i, ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti ní máa pa á. Páànù tó ti dípẹtà tàbí òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ kò yẹ fún omi mímu. Lójú títì tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ti ń rú èéfín lọ́sàn-án lóru, n kò ní mu ún láìgba inú asẹ́ tó dára.

Omi ẹ̀rọ ìjọba

Lórí ìwé, kò sí èyí tó dára tó o. Odò Ògùn ni orísun pàtàkì fún ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn, Adíyàn nìkan ni wọ́n sì kọ́ láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́. Omi tí wọ́n sé sí Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, ló ń gbé odò náà ró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn (omi tí wọ́n ń tú láti ibẹ̀ nígbà òjò náà ló máa ń wá bá àwọn ará Ìṣẹ́rì nínú ilé). Orí ilẹ̀ ni omi yìí ti wá, kò fa iyọ̀, ìnáwó rẹ̀ sì pín sórí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Èyí tó dé ẹnu ẹ̀rọ yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní páìpù rárá, èyí tó sì ní in ń retí iná mànàmáná kí omi tó lè rìn. Páìpù tí ó ń ṣófo lóòrèkóòrè léwu ju èyí tí kò sí lọ, nítorí pé bí ó bá sán tó sì gba inú gọ́tà kọjá, ìgbà tó bá ṣófo ni yóò fa omi gọ́tà mu, tí yóò sì gbé e wá fún yín nígbà tí omi bá dé. Ẹni tó bá ní páìpù tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé e nítorí pé ó ti gbẹ́ borehole. Kí ó jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù, kí ó tọ́jú èyí tó kù sí táǹkì, kí ó sì fi kiloríìnì sí i.

Èyí tí à ń rà

Ìdílé ẹni mẹ́fà tó ń lo lítà 50 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan nílò kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá lọ́wọ́ mẹ́ruwà lójúmọ́. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi wé owó táǹkì méjì. Bó bá jẹ́ píọ́ wọ́tà ni wọ́n fẹ́ máa mu, ní lítà méjì lẹ́nì kan, ó lé ní àpò kan lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí àpò 36 lóṣù. Kí ẹ sì rántí pé inú borehole ẹlòmíràn ni mẹ́ruwà ti ń pọnmi: omi kan náà tí à ń sá fún la tún ń rà, tòun ti ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì.

Omi òkun ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán: òkun rèé, kí ló dé tí ìjọba kò yọ iyọ̀ rẹ̀ fún wa? Ó ṣeé ṣe. Iná mànàmáná ló ń jẹ. Láti yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí a tó rí lítà 1,000 tó ṣeé mu, yóò gba nǹkan bí yúnìtì iná mànàmáná mẹ́ta sí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni fífa irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti inú borehole mítà 60 kò gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá kan èyí lọ. Omi oníyọ̀ tó ṣẹ́kù, tí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òkun, ni wọ́n tún ní láti dà padà síbi tí kò ti ní pa ẹja àwọn apẹja lára.

Ghana gbìyànjú rẹ̀ ní Teshie ní Accra. Ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, agbára rẹ̀ sì tó lítà mílíọ̀nù 60 lójúmọ́, ṣùgbọ́n iye tí omi rẹ̀ ń náni ga ju iye tí wọ́n ń tà á fún aráàlú lọ fíìfíì, wọ́n sì dá a dúró ní 2018. Dakar ní Senegal ń tọ ọ̀nà náà ní Mamelles, ní ìwọ̀n lítà mílíọ̀nù 50 lójúmọ́, àmọ́ àfikún ló jẹ́ fún wọn. Omi tí páìpù ń gbé bọ̀ láti adágún Guiers, tó ju 200 kìlómítà lọ, ni wọ́n ṣì fẹ̀yìn tì. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, tí páìpù sì ń jò, omi òkun tí a fi owó ńlá yọ iyọ̀ rẹ̀ yóò kàn máa jò sínú gọ́tà ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ iyọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo wà lọ́jà, àwọn ẹ̀sítéètì kan sì ń lò ó fún omi borehole tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó béèrè ìwọ̀n omi tó ń dà nù àti iye tí asẹ́ rẹ̀ ń jẹ lọ́dún kan, kó tó béèrè iye ẹ̀rọ náà.

Bí mo ṣe máa yàn

Ẹni tó wà lórí yanrìn láàárín ọ̀sà àti òkun, bíi Lekki, Àjáh tàbí apá etíkun Badagry, kó kọ́kọ́ ra táǹkì òjò fún mímu àti ọbẹ̀, kó lo kànga tí kò jìn fún iṣẹ́ ilé yòókù, kó sì fi omi rírà dí àlàfo. Kí ó má dá gbẹ́ borehole. Bí àdúgbò tàbí ẹ̀sítéètì bá lè pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹyọ kan tó jìn dáadáa, tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ń wọn iyọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, ó sàn ju ogún borehole tí kálukú dá gbẹ́, tí gbogbo wọn ń fa iyọ̀ wá fún ara wọn.

Ẹni tó wà lókè, bíi Agége, Ìkòròdú tàbí Ìpájà, ìyọnu tirẹ̀ ni irin àti sókàwéè, iyọ̀ kọ́. Borehole dára fún un, àjọgbẹ́ ṣì ni mo máa yàn. Fún àwọn tó kọ́ ilé sórí omi, bíi Màkòkò tàbí àwọn ìletò Ìlàjẹ, òjò àti omi ẹ̀rọ tí a fi páìpù gbé dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni mo rí pé ó bọ́gbọ́n mu. Iṣẹ́ ìjọba sì ni èkejì, kì í ṣe ti onílé.

Kí ẹ tó sanwó fún agbẹ́borehole

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ omi. Ẹ ní kí ó kọ ìpele ilẹ̀ tó bá pàdé sílẹ̀ bí ó ṣe ń gbẹ́ ẹ, mítà dé mítà, kí ó sì fi ibi tó fi símẹ́ńtì sí hàn yín kí ó tó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ẹ gbé omi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò omi kí ẹ tó san èyí tó kù nínú owó rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú èsì náà láti fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ fẹnu kò pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun tí àwọn oníṣẹ́ kì í sábà fẹ́ dárúkọ: bí borehole náà bá di oníyọ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí tí ẹ bá ti pa á tì, símẹ́ńtì ni kí a rọ kún un láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èyí tí a fi òkúta dé lásán yóò máa da iyọ̀ sínú omi tí àwọn ará ilé kejì ṣì ń mu.